Ojú ìyàwó di eérú, ojú ìyá rẹ̀ pọ́n bí ọsàn: níbo ni àwọ̀ ara ti ń bàjẹ́ nínú fọ́tò?

Láńre_Fọ́tò (Ìbàdàn), Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ ya ìdána kan ní gbọ̀ngàn kan níbí. Ìyàwó dúdú, adúmáadán gidi. Ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀ jẹ́ àpọ́nbéporẹ́. Aṣọ ẹbí wọn jẹ́ àwọ̀ wáìnì láti orí gèlè dé ilẹ̀. Mo fi white balance (ohun tí kámẹ́rà fi ń mú àwọ̀ iná tọ́, kí funfun lè jáde ní funfun) sí auto bí mo ṣe máa ń ṣe, mo yí fíláàṣì sójú àjà, mo ya fọ́tò tó lé ní ẹgbẹ̀rin. Lójú ibi tí mo ti ń wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ dára.

Mo délé, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, àyà mi já. Ojú ìyàwó ti di eérú. Kì í ṣe pé ó ṣókùnkùn o, ó kàn rí bí ẹni tí kò fi òrí para ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ọyẹ́. Ìyá rẹ̀ tó jókòó tì í wá rí bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Tí mo bá fa Temp (èyí tó ń fa àwọ̀ láàárín búlúù àti yẹ́lò) sọ́tùn-ún láti gba ìyàwó là, ìyá á di ọsàn. Tí mo bá fà á sósì nítorí ìyá, agbádá funfun ọkọ á di búlúù, ìyàwó á sì padà sínú eérú.

Mo kánjú fi mẹ́wàá ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ìyá pè mí láàárọ̀ yìí. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Fọ́tò, ta lo yà yìí? Ọmọ mi kọ́."

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo máa kó álúbọ́ọ̀mù fún wọn. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Dàpọ̀_Lẹ́ńsì, Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

RAW ni àbí JPEG? Irú iná wo ló wà ní gbọ̀ngàn náà? Àwọ̀ wo ni wọ́n kun àjà?

Láńre_Fọ́tò, Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

RAW ni gbogbo ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé yí padà dáadáa, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Àjà POP ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ tó dà bíi kọ́sítáàdì. Gílóòbù oníyẹ́lò kéékèèké ni wọ́n tò yí i ká. Ní ẹ̀gbẹ́ sítéèjì, àwọn tó ṣe ọ̀ṣọ́ gbé LED aláwọ̀ pọ́pù mẹ́fà kalẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ló ti ń tàn bọ̀ lókè. Fèrèsé ńlá kan wà lápá òsì, aago mẹ́ta ọ̀sán sì ni.

Wàsíù_Òjé, Ọjọ́ Ajé, 10:11 alẹ́

Sọ gbogbo ẹ̀ di black and white, kó o ní iṣẹ́ ọnà ni. 😂

Dàpọ̀_Lẹ́ńsì, Ọjọ́ Ajé, 10:30 alẹ́

Wàsíù, jókòó.

Láńre, auto ló pa ẹ́. Kámẹ́rà kò mọ èèyàn, kò mọ aṣọ ẹbí. Ohun tó wà nídìí auto ni pé ó gbà pé tí a bá po gbogbo àwọ̀ tó wà nínú fọ́tò pọ̀, ó yẹ kó já sí eérú. Wàyí o, o gbé e síwájú ọgọ́rin gèlè àwọ̀ wáìnì. Òun ò mọ̀ pé aṣọ ni. Ó rò pé iná ibẹ̀ ló pupa jù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti gbogbo fọ́tò kúrò nínú pupa, sí ọ̀nà àwọ̀ ewé àti búlúù. Gèlè lágbára, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀. Ojú tí pupa inú rẹ̀ kò tó nǹkan ló jẹ gbèsè náà. Àwọn kámẹ́rà tuntun gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n máa ń wá ojú èèyàn, àmọ́ tí aṣọ bá ti kún fọ́tò, wọ́n ṣì máa ń ṣìnà.

Ra gray card, káàdì eérú tí kò ní àwọ̀ kankan. Gbé e síwájú ojú ìyàwó nínú iná tó wà lójú rẹ̀ gan-an, ya á kó kún fọ́tò, fi ṣe custom white balance, ó parí. Kò nílò ìtàn.

Láńre_Fọ́tò, Ọjọ́ Ajé, 10:44 alẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo tiẹ̀ gbìyànjú nǹkan tó jọ ọ́. Mo mú ohun tí a fi ń mú àwọ̀ nínú Lightroom (ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà) yẹn, èyí tó rí bí ìkán oògùn sójú, mo tẹ agbádá ọkọ torí léèsì funfun ni. Gbogbo ayé bá pọ́n bí àkàrà. Kí ló dé? Funfun ṣáà ni funfun.

Ìyá_Láàbù (Òṣogbo), Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ọmọ mi, wọ́n ti fi búlúù fọ agbádá yẹn kó tó dé ọrùn ọkọ.

Kódà kó jẹ́ léèsì tuntun tí omi ò tíì kàn, àwọn tó hun ún ti fi oògùn kan sínú rẹ̀ tó ń mú kó tan búlúù díẹ̀, kó lè funfun lójú oníbàárà. Ojú wa fẹ́ràn ẹ̀. Fíláàṣì tún ń jí oògùn yẹn dìde sí i. Nígbà tí o tẹ ibẹ̀, ohun tí o sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé ibí yìí kò ní àwọ̀ kankan. Ó wò ó, ó rí búlúù, ó bá da yẹ́lò lé gbogbo fọ́tò lórí láti fi pa á. Má tẹ aṣọ funfun. Má tẹ eyín, má tẹ ẹyinjú, àwọn náà kì í funfun tán. Tí o bá rí ohun eérú kan tí kò dán, bíi kọ̀lá kóòtù àwọn tó wọ súùtù àwọ̀ eérú, ìyẹn ṣeé gbìyànjú, àmọ́ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Nǹkan mìíràn. Nígbà tí oníbàárà bá sọ fún mi pé "fọ́tò yìí pọ́n jù", mo máa ń bi í léèrè pé pípọ́n wo? Èdè wa fi pupa pe epo, ó fi pe ọsàn tó ti gbó, ó fi pe ẹ̀jẹ̀. Tó bá jẹ́ pípọ́n ti ọsàn, Temp ni wàá fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ pípọ́n ti ojú tí oòrùn pa tàbí ti ẹni tó ń bínú, Tint ni, èyí tó ń fa àwọ̀ láàárín ewé àti magenta. Mo ti rí ọmọkùnrin tó lo wákàtí mẹ́ta lórí Temp nígbà tó jẹ́ pé Tint ló ń pa á.

Ẹ wo nọ́ḿbà, ẹ má kàn máa fojú wò ó. Ẹ gbé atọ́ka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí kò dán, Lightroom á kọ R, G, B (pupa, ewé, búlúù) sábẹ́. Ara èèyàn, dúdú tàbí pupa, R ló gbọ́dọ̀ ga jù, G tẹ̀ lé e, B nísàlẹ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti fẹ́ dọ́gba, eérú nìyẹn, ojú rẹ kò tàn ẹ́ jẹ.

Láńre_Fọ́tò, Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ìyá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó: R 38, G 35, B 36. Ọlọ́run mi o.

Tókẹ́_Atíkè (Ìkẹjà), Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Oníṣẹ́ ojú ni mí, mo wá gbèjà ara mi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ yín.

Láńre, wo ọrùn àti ọwọ́ ìyàwó. Tó bá jẹ́ ojú nìkan ló di eérú, tí ọwọ́ rẹ̀ tó gbé lé itan ṣì dúdú dáadáa, ti àtíkè ni. Àwọn oníṣẹ́ ojú kan ṣì wà tó ń fi foundation tó fi ìpele méjì pupa ju ara lọ kun ọmọ aláwọ̀ dúdú. Àtíkè funfun tí wọ́n ń bù sábẹ́ ojú náà wà níbẹ̀. Nínú yàrá kò hàn rárá, àfi ìgbà tí fíláàṣì bá kọ mànà, abẹ́ ojú á funfun bíi ti egúngún. Ẹ̀yin náà, ẹ ya fọ́tò kan pẹ̀lú fíláàṣì kí a tó kúrò nínú yàrá ìyàwó, ẹ fi hàn wá. Ìṣẹ́jú méjì ni mo máa fi tún un ṣe. Tí ẹ bá dákẹ́ títí wọ́n fi gé kéèkì, kí ni kí n ṣe?

Láńre_Fọ́tò, Ìṣẹ́gun, 8:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọwọ́ àti ọrùn náà di eérú. Oníṣẹ́ ojú kò jẹ̀bi lọ́tẹ̀ yìí.

Tókẹ́_Atíkè, Ìṣẹ́gun, 8:33 àárọ̀

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Bàbá_Òjìji (Abẹ́òkúta), Ìṣẹ́gun, 1:10 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń kà yín látàárọ̀. Ohun tí Dàpọ̀ sọ nípa gèlè wáìnì tọ̀nà. Àmọ́ gray card tó ní ó parí yẹn, nínú gbọ̀ngàn yìí, kò parí.

Láńre, bá mi ka iná tó wà lójú ọmọ yẹn. Gílóòbù oníyẹ́lò: irú rẹ̀ máa ń wà láàárín 2700 sí 3000 Kelvin (òun la fi ń wọn àwọ̀ iná: tó bá kéré, iná pọ́n; tó bá ga, iná búlúù). Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó gba fèrèsé wọlé: tí oòrùn kò bá kan fèrèsé náà tààrà, ó lè tó 6500 tàbí 7000. Fíláàṣì rẹ: nǹkan bíi 5500 ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n àjà lo ní kó lọ lù, kọ́sítáàdì ló sì bá bọ̀. Ẹ̀kẹrin ni pọ́pù. Ìyẹn kò ní Kelvin kankan tí a lè kà. LED pupa àti LED búlúù ni wọ́n tàn pọ̀, àwọ̀ ewé kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí iná kò gbé dé ara ènìyàn, kámẹ́rà kò lè rí i, Lightroom kò sì lè lọ mú un wá láti ibìkan.

White balance, nọ́ḿbà kan péré ni. Iná mẹ́rin lo ní. Èwo nínú wọn ni nọ́ḿbà yẹn máa gbọ́ tiẹ̀? Tí o bá gbé gray card síwájú imú ìyàwó, tí ó kọjú sí fèrèsé, fèrèsé ló máa kà. Tí o bá dà á kọ sójú àjà díẹ̀, kọ́sítáàdì ló máa kà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tó ń dùn mí, torí kò sẹ́ni tó bi í: ìyá àti ọmọ jókòó lórí àga kan náà, lábẹ́ iná kan náà. Kí ló dé tí ọ̀kan fi di eérú tí èkejì sì pọ́n?

Ọ̀nà méjì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà padà láti ara wa. Èyí àkọ́kọ́ wọ inú awọ, ó rìn kiri níbẹ̀ díẹ̀, ó wá jáde pẹ̀lú àwọ̀ ara náà. Èyí kejì kò wọlé rárá. Ojú awọ ló bà, ó ta padà bíi ti dígí, àwọ̀ iná fúnra rẹ̀ ló sì gbé bọ̀, kì í ṣe àwọ̀ ara. Lára ẹni tó pupa, ti àkọ́kọ́ pọ̀ débi pé ó bo ti kejì mọ́lẹ̀. Lára ẹni tó dúdú, awọ ti mu púpọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, nítorí náà ti kejì, ìyẹn dídán náà, á hàn gbangba ní iwájú orí, lórí imú, lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní èjìká. Adúmáadán: ó dú, ó sì ń dán. Àwọn tó fún wọn lórúkọ yẹn ti rí i kí kámẹ́rà tó dé ilẹ̀ yìí.

Ohun tó dán lára ọmọ yẹn ní Sátidé ni pọ́pù láti ìsàlẹ̀ àti búlúù ọ̀run láti fèrèsé. Ó bo búráùn ara rẹ̀ bí ìkùukùu fẹ́lẹ́. Pọ́pù, búlúù, àti búráùn, ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ sọ ohun tó jáde fún mi. Ìyá ní tiẹ̀ mu kọ́sítáàdì àjà àti yẹ́lò gílóòbù sínú ara, ó sì jáde bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà iná ni kí o pa. Kí fọ́tò ẹbí tó bẹ̀rẹ̀, lọ bá ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́, bẹ̀ ẹ́ kó pa pọ́pù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Gbé àga ìyàwó sún mọ́ fèrèsé, kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wọlé. Jẹ́ kí fèrèsé jẹ́ ọba. Tí fíláàṣì bá pọn dandan, má fi lu àjà aláwọ̀, fi lu pátákó funfun tàbí agbòjò funfun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ gbé dání, kí iná rẹ̀ fẹ̀. Dídán tó ti ara iná tó fẹ̀ tó sì funfun wá kì í ba ara dúdú jẹ́. Òun gan-an ló ń gbé e yọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní 1979, bí a bá fi fíìmù tí wọ́n ṣe fún ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ya ènìyàn nínú ilé lábẹ́ gílóòbù, gbogbo ilé á di epo pupa. A kò ní ohun tí a ń fà sọ́tùn-ún sósì. A ń gbé àga lọ sí ẹnu ọ̀nà ni.

Dàpọ̀_Lẹ́ńsì, Ìṣẹ́gun, 1:48 ọ̀sán

Bàbá, mo gbà, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ mi ò ní ju káàdì mi nù o. Tí a bá ti pa iná ku ẹyọ kan, káàdì ló máa sọ iye tí ẹyọ kan yẹn jẹ́.

Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n bá kọ̀ láti pa gílóòbù oníyẹ́lò, ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fi fíláàṣì bá wọn dọ́gba. Mo ní ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ ọsàn kan tí wọ́n ń pè ní CTO, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu fíláàṣì, 5500 rẹ̀ á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 3200. Mo wá fi kámẹ́rà sí 3200 pẹ̀lú. Ojú á mọ́, ògiri lẹ́yìn á mọ́. Ẹni tí kò ní ike lè ṣe òdì kejì rẹ̀: ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) sílẹ̀, shutter (bó ṣe ń yára ṣẹ́jú) sí 1/200, kí fíláàṣì nìkan ṣẹ́gun lójú wọn, kí iná gbọ̀ngàn rẹlẹ̀. Èyí máa ń mú kí ẹ̀yìn ṣókùnkùn, n kò fẹ́ràn rẹ̀ fún owàmbẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí ọ̀ṣọ́ tí wọ́n sanwó fún.

Tàiwò_Peckham (London), Ìṣẹ́gun, 6:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé gidi lẹ kọ síbí. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Kí ẹ tó dá àwọ̀ lẹ́jọ́, ẹ wo bí fọ́tò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ojú dúdú tí kámẹ́rà yà ní ṣíṣókùnkùn, tí a wá fi agbára fà sókè lórí kọ̀ǹpútà, eérú ló máa ń yà, torí ariwo tó wà nínú òkùnkùn yẹn, ìyẹn àwọn èérún àwọ̀ tí kámẹ́rà ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, aláwọ̀ ewé àti pọ́pù ni. Ìyàwó tó wọ léèsì funfun ló ń kó wa sí i jù. Kámẹ́rà rí funfun, ó ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó bu u kù, ojú ọmọ bá wọ òkùnkùn. Òdì kejì rẹ̀ náà wà: ojú dúdú kan kún fọ́tò, kámẹ́rà ní ó yẹ kó jẹ́ eérú, ó gbé e sókè títí dídán iwájú orí fi fọ́. Mo máa ń wọn àtẹ́lẹwọ́. Dúdú tàbí pupa, àtẹ́lẹwọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn. Mo ní kó na ọwọ́ síbi tí ojú rẹ̀ wà, mo fi spot (tó ń wọn ibi kékeré kan péré) wọ̀n ọ́n, mo fi stop kan (ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì) lé e, mo sì ń ya lọ.

LED àti túùbù náà, ẹ ṣọ́ra. Iná ilé wa níbí àti ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, nítorí náà irú àwọn iná bẹ́ẹ̀ lè máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí shutter bá yára jù, fọ́tò kan á pọ́n, èkejì tó tẹ̀ lé e á ní ilà aláwọ̀ ewé kọjá lójú ọkọ. 1/100 tàbí 1/50 ló máa ń gbà mí. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gbé e, nọ́ḿbà yẹn pàápàá kì í dúró sójú kan, ẹ kàn máa ya púpọ̀ ni.

Láńre, ìbéèrè kan: irú ojú kọ̀ǹpútà wo lo fi ń tún fọ́tò wọ̀nyí ṣe, aago mélòó sì ni o máa ń jókòó tì í?

Láńre_Fọ́tò, Ìṣẹ́gun, 7:20 alẹ́

Lápútọ́ọ̀pù ni. Lálẹ́ ni, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Tàiwò_Peckham, Ìṣẹ́gun, 7:24 alẹ́

Lọ wò ó bóyá Night Light, ohun tó ń sọ ojú kọ̀ǹpútà di yẹ́lò lálẹ́, wà lórí rẹ̀.

Láńre_Fọ́tò, Ìṣẹ́gun, 7:31 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n… ó wà lórí rẹ̀. Aago méje ló máa ń tàn fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ yìí.

Wàsíù_Òjé, Ìṣẹ́gun, 7:33 alẹ́

😂😂😂 Gbogbo ìyàwó Ìbàdàn, ẹ padà wá gba owó yín.

Tàiwò_Peckham, Ìṣẹ́gun, 7:40 alẹ́

Má dá a lóhùn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí, mo kàn jẹ́ ẹni tí kò sọ ọ́ síta ni. Ojú kọ̀ǹpútà tó ti pọ́n á mú kí o máa fa fọ́tò sí búlúù láìmọ̀. Pa á. Fi ojú rẹ̀ sí 6500 Kelvin, má jẹ́ kó mọ́lẹ̀ jù, má sì jókòó tì ògiri aláwọ̀. Kí o rí i dájú pé sRGB, ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ fóònù mọ̀, lo fi ń kó fọ́tò jáde, torí Adobe RGB, ètò àwọ̀ mìíràn, tó bá gba WhatsApp kọjá sórí fóònù lè gbẹ bí ewé. Fóònù ìyá náà lè ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ní ohun tó ń sọ ojú wọn di yẹ́lò lálẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá le, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí ẹ jọ wò ó lójú ọ̀sán.

Ìyá_Láàbù, Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Tó o bá ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́, rántí pé bébà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní CMYK (yíǹkì cyan, magenta, yellow àti dúdú tí a fi ń tẹ̀ ẹ́), mo máa ń fẹ́ kí yellow ju magenta lọ díẹ̀ lára ènìyàn dúdú, kí cyan rẹlẹ̀ sí magenta. Tí cyan bá ti ń lé magenta bá, eérú ti ń padà bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹ̀rọ kò ní ojúsàájú. Nígbà kan rí, Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, máa ń fi fọ́tò obìnrin òyìnbó kan ránṣẹ́ sí àwọn láàbù, Shirley la ń pè é, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yà ni. Bí ara Shirley bá ti jáde dáadáa, ẹ̀rọ yín ti tọ́ nìyẹn. Kò sí Shirley dúdú. Tí ọmọ wa bá jókòó láàárín àwọn òyìnbó, eyín àti ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni a ó rí. Àwọn tó kọ́kọ́ pariwo títí wọ́n fi gbọ́ ni àwọn tó ń polówó ṣokoléètì àti àwọn oníṣòwò àga onígi, nítorí búráùn ọjà wọn kò jáde. Ṣé ẹ rí i, ṣokoléètì! Àárín ọdún 1990 sí òkè ni káàdì tó kó obìnrin dúdú, ará Éṣíà àti òyìnbó pọ̀ tó jáde.

Dàpọ̀_Lẹ́ńsì, Ìṣẹ́gun, 9:16 alẹ́

Ìyá, ẹ má gbàgbé ColorChecker, káàdì tí a fi ń yẹ àwọ̀ wò, o. 1976 ló jáde, àwọ̀ 24 ló wà lójú rẹ̀, ara dúdú sì ni àpótí àkọ́kọ́ pàá.

Ìyá_Láàbù, Ìṣẹ́gun, 9:19 alẹ́

Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀kan ní láàbù tí mo ti kọ́ṣẹ́. Shirley wà lára ògiri.

Sẹ́gun_Òde (Iléṣà), Ọjọ́rú, 7:45 àárọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya nínú gbọ̀ngàn, ẹ ń gbádùn. Ẹ wá sábẹ́ kánópì. Oòrùn gba orí kánópì aláwọ̀ búlúù àti funfun wọlé, ìdajì àwọn ará àdúgbò búlúù, ìdajì tó kù dára, ẹni kan sì jókòó sí ààlà, imú rẹ̀ ní àwọ̀ méjì. Koríko náà ń ta àwọ̀ ewé sábẹ́ àgbọ̀n. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju pé kí n fà wọ́n sí etí kánópì kí wọ́n kọjú síta, kí ojú ọ̀run ṣe iná, kí kánópì kàn jẹ́ ìbòji. Àwọn ìyá àgbà kì í fẹ́ dìde. Mo máa ń ní kí wọ́n wá gba owó níbẹ̀.

Bàbá_Òjìji, Ọjọ́rú, 8:02 àárọ̀

Ẹ̀rín pa mí, Sẹ́gun.

Ẹ̀yin, Wàsíù ń ṣe àwàdà, àmọ́ ọ̀rọ̀ black and white yẹn ní ìtumọ̀. Ẹ wo àwọn fọ́tò irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàfọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ lè rí i pé ara ọrùn yẹn ti ènìyàn alààyè ni, torí ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ á bà. Ẹni tó bá ń fi black and white sá fún iná burúkú, iná burúkú yẹn á ṣì wà níbẹ̀.

Láńre_Fọ́tò, Ọjọ́ Ẹtì, 10:15 alẹ́ (Night Light wà ní pípa o)

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo padà dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo bá a dé.

Mo pa Night Light, mo padà sí nọ́ḿbà tí kámẹ́rà gbé wá, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo pín fọ́tò sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí fèrèsé jọba lójú wọn, èyí tí àjà kọ́sítáàdì jọba, àti èyí tí pọ́pù ti kó. Ti fèrèsé rọrùn, nọ́ḿbà kan ló gba gbogbo wọn. Níbi tí ìyá àti ọmọ ti jókòó pọ̀, mo fi mask, ohun tí Lightroom fi ń yan apá kan fọ́tò, mú ojú, ọrùn àti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fi ooru díẹ̀ kún ti ìyàwó, mo gbá pọ́pù kúrò nínú ibi tó dán nìkan, mo yọ yẹ́lò lára ìyá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó báyìí: R 41, G 31, B 25. N kò sọ ara rẹ̀ di pupa, mo fi bó ṣe dúdú tó sílẹ̀.

Ti pọ́pù kò ṣeé ṣe. Bàbá sọ òótọ́, ohun tí kò sí kò sí. Mo pe ìyàwó, mo ṣàlàyé fún un, mo ní kó jọ̀ọ́ kó wọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i fún wákàtí kan. Mo lọ bá wọn nílé lánàá, mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà bíi ti 1979, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ògiri funfun lápá kejì, mo ra gray card lọ. Fọ́tò 40 péré ni mo yà. Kò sí èyí tí mo ní láti fa àwọ̀ rẹ̀ lọ síbì kankan.

Mo tẹ mẹ́rin sórí bébà, mo gbé e fún ìyá lójú ọ̀sán. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ mi rè é." Ó yí i padà, ó wo ti ara rẹ̀, ó ní, "Fọ́tò, èmi ńkọ́, o ò lè bá mi fi pupa díẹ̀ kún un ni?"

Tókẹ́_Atíkè, Ọjọ́ Ẹtì, 10:21 alẹ́

Áàà! Kí lo wá sọ fún un?

Láńre_Fọ́tò, Ọjọ́ Ẹtì, 10:26 alẹ́

Mo ní, "Mọ́mì, epo kì í pọ́n ju báyìí lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó san owó tó kù.

Bàbá_Òjìji, Ọjọ́ Ẹtì, 10:40 alẹ́

O káre. Àwọn fọ́tò pọ́pù yẹn ńkọ́, o ti pa wọ́n rẹ́?

Láńre_Fọ́tò, Ọjọ́ Ẹtì, 10:44 alẹ́

Rárá, Bàbá. Èyí tí wọ́n ti ń jó, tí wọ́n ń ná owó fún wọn, mo fi pọ́pù rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyàwó ní òun fẹ́ràn ìyẹn, pé bí ibẹ̀ ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn.